Sísè Yàtọ̀ sí Ìfúnjáde: Lámèyítọ́ lórí Èdè Tí A Fi Ń Ṣàlàyé Bí Àpáta Ṣe Ń Mú Epo Rọ̀bì Wá

1. Ìfáárà

Láti ọdún 1968 tí wọ́n ti rí epo rọ̀bì nínú òkun níwájú Sẹ̀mẹ̀, ọ̀rọ̀ epo kò kúrò lẹ́nu àwọn ará etíkun wa, láti Kùtọnu títí dé Àjàṣẹ́. Ní 1982 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fà á jáde. Ní 1998 ni wọ́n dá iṣẹ́ náà dúró, nígbà tí nǹkan bí mílíọ̀nù 22 àgbá ti jáde. Ìbéèrè tí àgbà akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bi olùkọ́ mọ̀ọ́kọmọ̀ọ́kà lórí ọ̀rọ̀ yìí kò ju méjì lọ. Níbo ni epo náà ti wá? Kí ló dé tí ó fi pọ̀ ní apá ibi kan, tí ó sì tán kíákíá ní apá ibòmíràn, nígbà tí òkun kan náà ń fọ ẹsẹ̀ ìlú méjèèjì?

Ìdáhùn tí ó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu ni èyí: «Àpáta ìyá wà lábẹ́ ilẹ̀. Àpáta ìyá ló ń bí epo. Ibi tí àpáta ìyá bá wà, epo wà níbẹ̀.» Gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dùn ún gbọ́, wọ́n kúrú, wọ́n sì rọrùn láti kọ sí ojú pátákó. Ṣùgbọ́n ìkẹta kò tọ̀nà, ìkejì sì ni ó fà á. Ọ̀rọ̀ Faransé tí a tú ní ìtúkútùú ni ó bí àṣìṣe náà, kì í ṣe àìmọ̀kan olùkọ́.

A fẹ́ yẹ èdè náà wò nínú àpilẹ̀kọ yìí. Ìwé tí a fi ṣe òpó ni Petroleum Formation and Occurrence, tí Bernard Tissot, ọmọ ilẹ̀ Faransé, àti Dietrich Welte, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, kọ ní 1978, tí ẹ̀dà rẹ̀ kejì sì jáde ní 1984. A ó fi àwọn àwòṣe oníṣirò tí ó yí ìwé náà ká kún un, èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ àti èyí tí ó tẹ̀ lé e. Ohun tí a ní í sọ kò pọ̀: iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ilẹ̀ ń ṣe kí a tó rí epo fà. Ó ń sè é, ó ń fún un jáde, ó sì ń kó o jọ. Èdè tí ó bá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́lẹ̀ yóò ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà, bí ìmọ̀ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ tilẹ̀ péye.

2. Ohun tí ìwé náà fi kọ́ni

Kí a tó bá ìwé wí, ó tọ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí ó sọ. Ewé, igi, àti àwọn ẹ̀dá tíntìntín inú omi ń kú, wọ́n sì ń rì sínú ẹrẹ̀. Níbi tí afẹ́fẹ́ kò bá dé, wọn kì í jẹrà tán. Ẹrẹ̀ mìíràn á bò wọ́n, òmíràn á tún bo ìyẹn, títí ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ yóò fi di àpáta amọ̀. Ohun tí ó ṣẹ́ kù nínú òkú ewé àti òkú ẹ̀dá wọ̀nyẹn ni a ń pè ní kẹrojẹ́nì. Alexander Crum Brown ni ó dá orúkọ náà fún ohun tí wọ́n rí nínú àpáta ilẹ̀ Scotland. Ó mú un láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí ìda, nítorí pé bí wọ́n bá fi iná sí àpáta náà, epo oní-ìda ni ó ń mú wá. Kẹrojẹ́nì fúnra rẹ̀ kì í ṣe epo. Ohun líle ni, kò sì yòrò nínú omi tàbí nínú àwọn oje tí a fi ń yọ epo. Kókó yìí ni a ó padà sí.

Pé ẹ̀dá alààyè ni ìpilẹ̀ epo rọ̀bì, ẹ̀rí rẹ̀ ti wà láti àwọn ọdún 1930, nígbà tí Alfred Treibs rí nínú epo rọ̀bì àwọn èròjà tí ó jẹ́ àtọmọdọ́mọ àwọ̀ tútù inú ewé. Ohun tí Tissot, Welte àti ẹgbẹ́ wọn fi kún un ni ìwọ̀n. Wọ́n fi hàn pé kẹrojẹ́nì pín sí irú mẹ́ta, gẹ́gẹ́ bí háídrójìn tí ó wà nínú rẹ̀ ti pọ̀ tó. Irú kìíní wá láti inú adágún, bí àpáta Green River ní Amẹ́ríkà. Irú kejì wá láti inú òkun, bí àpáta amọ̀ tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ agbègbè Paris. Irú kẹta wá láti ara igi àti ewé orí ilẹ̀. Àpẹẹrẹ rẹ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò fínnífínní ni ti àwọn kànga Logbaba lẹ́bàá Douala, ní Kamẹrúùnù. Irú kìíní àti ìkejì ní háídrójìn púpọ̀, wọ́n sì ń mú epo wá. Irú kẹta kò ní tó bẹ́ẹ̀, gáàsì ni ó ń mú wá jù. Ó dára kí olùkọ́ mọ̀ pé ilẹ̀ Áfíríkà wà lára ibi tí ìmọ̀ yìí ti jẹ jáde, kì í ṣe ibi tí wọ́n kàn gbé e wá.

Bí a bá ń wa ilẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ooru á máa pọ̀ sí i ní nǹkan bí 25 sí 30°C fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Láàrín nǹkan bí 60°C sí 150°C, àwọn ìdè inú kẹrojẹ́nì á máa já. Epo ni yóò kọ́kọ́ ti ibẹ̀ wá. Bí ooru bá tún pọ̀ sí i, gáàsì ni. Ìyókù á di kábọ́ọ̀nù gbígbẹ tí kò lè mú nǹkan wá mọ́.

3. Ìyá àti orísun

Faransé ń pe àpáta yìí ní roche mère, àpáta ìyá. Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní source rock, àpáta orísun. Àwọn tí ó ń tú ìwé ní ìhà tiwa máa ń di «ìyá» mú; àwọn ará Nàìjíríà tí ó ti inú Gẹ̀ẹ́sì wá máa ń sọ pé «orísun». Àríyànjiyàn lórí èyí tí ó dára jù nínú méjèèjì kò lérè, nítorí àbùkù kan náà ni wọ́n ní.

Nínú èdè Yorùbá, ìyá tí ó bímọ ti sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ ti kúrò lára rẹ̀, ó ti bọ́ sí ọwọ́ àwọn ènìyàn. A kì í sọ pé obìnrin ti bímọ nígbà tí oyún ṣì wà nínú rẹ̀. Bákan náà, orísun ni ibi tí omi ti ń sun jáde. Èyí tí kò sun jáde, a kò ní pè é ní orísun. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ti fi jíjáde sínú ìtumọ̀ wọn. Ẹni tí ó bá gbọ́ «àpáta ìyá epo» ti gbà láìbéèrè pé ohun tí àpáta náà mú wá ti kúrò nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé ibi tí ìṣòro ìmọ̀ yìí wà gan-an nìyẹn.

Ohun tí a dábàá ni «àpáta asepo». Ọ̀rọ̀ ìṣe sè ni ó wà nínú rẹ̀, tí ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ di ohùn àárín níwájú ọ̀rọ̀ orúkọ, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú «se ẹran» àti «se iṣu». Asepo ń sè. Kò sọ pé ó ti bù fún ẹnikẹ́ni. Kí òǹkọ̀wé ṣọ́ra: «asepo» kì í ṣe «aṣepo», ẹni tí ó ń ṣe epo. Nínú ọ̀nà ìkọ̀wé Nàìjíríà, àmì kan ṣoṣo lábẹ́ s ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Nínú álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ti 1975, sh ni a fi ń kọ ìkejì. Bí s àti sh kò bá yàtọ̀ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan, kí olùkọ́ sọ ọ́ gbọọrọ: àpáta tí ilẹ̀ ń sè di epo.

4. Sísè: ooru, àkókò, àti ọ̀rọ̀ «fèrèsé»

Àwòṣe ìsè tí ó rọrùn jù ni ti N. V. Lopatin, onímọ̀ ilẹ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì, tí ó jáde ní 1971, tí Douglas Waples sì mú tọ àwọn òǹkàwé Amẹ́ríkà lọ ní 1980. Òfin rẹ̀ ni pé bí ooru bá fi 10°C pọ̀ sí i, ìsè á yára ní ìlọ́po méjì. Mílíọ̀nù ọdún kan láàrín 100 sí 110°C jẹ́ máàkì 1. Láàrín 110 sí 120°C, ó jẹ́ 2. Láàrín 90 sí 100°C, ó jẹ́ ìdajì. A ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Gẹ́gẹ́ bí Waples ti ṣe é, nígbà tí àròpọ̀ bá dé 15, epo ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó bá dé 160, àsìkò epo ti ń parí.

Ó yẹ kí a yìn ín. Ẹnikẹ́ni tí ó mọ àròpọ̀ àti ìsọdipúpọ̀ lè fi ẹfun ṣe é lórí pátákó, ó sì fi hàn kedere pé ìtàn ni àpáta ní, pé kò tó láti mọ bí ó ti gbóná tó lónìí. Ṣùgbọ́n ìlọ́po méjì náà kò bá kẹrojẹ́nì mu. Àwọn àyẹ̀wò tí ó tẹ̀ lé e fi hàn pé agbára tí ọ̀pọ̀ ìdè inú kẹrojẹ́nì inú òkun ń fẹ́ kí wọ́n tó já wà ní agbègbè 210 sí 230 kìlójúùlù fún móòlù kan. Bí a bá fi òfin tí Svante Arrhenius gbé kalẹ̀ ní 1889 ṣírò rẹ̀ ní àyíká 100°C, a ó rí i pé 10°C tí ó bá lé sí i ń mú ìsè yára tó ìlọ́po mẹ́fà. Àwòṣe Lopatin fún àkókò ní agbára tí kò ní, ó sì dín agbára ooru kù. Aláàárẹ̀ kan lè fi iná wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sè fún ìgbà pípẹ́, kí ó lérò pé ó dọ́gba pẹ̀lú iná ńlá. Ilẹ̀ kì í ṣírò bẹ́ẹ̀.

Tissot ti gba ọ̀nà mìíràn ní 1969, ó sì tẹ̀ ẹ́ síwájú pẹ̀lú Jean Espitalié ní 1975. Dípò òfin kan ṣoṣo, wọ́n pín kẹrojẹ́nì sí ọ̀wọ́ ìdè púpọ̀, ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú agbára tirẹ̀: èyí tí ó rọ̀ á kọ́kọ́ já, èyí tí ó le á dúró de ooru tí ó ga jù. Ìtẹ̀síwájú gidi ni. Síbẹ̀ ó ní ibi tí ó ti yẹ kí a fura. Ẹ̀rọ Rock-Eval, tí ẹgbẹ́ Espitalié gbé jáde ní 1977, máa ń fi nǹkan bí 25°C kún ooru òkúta ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Àpáta tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ sí àsìkò epo á mú epo wá jù ní nǹkan bí 435°C. Láti inú ìṣẹ́jú díẹ̀ ní 435°C ni a ti ń sọ̀rọ̀ nípa mílíọ̀nù ọdún ní 110°C. Nọ́ńbà méjì ni àwòṣe náà ń fẹ́ fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, agbára ìdè àti bí ìdè náà ṣe ń gbìyànjú láti já léraléra tó. Ọ̀kan lè bo àṣìṣe èkejì mọ́lẹ̀. Orísi nọ́ńbà méjì lè bá ẹ̀rọ mu dọ́gbadọ́gba, kí wọ́n sì pínyà gédégédé nígbà tí a bá gbé wọn lọ sí inú ilẹ̀.

Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ fi ń wá ẹlẹ́rìí nínú ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹlẹ́rìí náà ni ègé igi kéékèèké tí ó ti di òkúta, fítírínáìtì, tí ó túbọ̀ ń dán bí ooru bá ti ń sè é. Nígbà tí dídán rẹ̀ bá wà láàrín nǹkan bí 0.6 sí 1.3 nínú ọgọ́rùn-ún, a gbà pé àpáta wà ní àsìkò epo. Ẹlẹ́rìí rere ni, ṣùgbọ́n ooru nìkan ni ó jẹ́rìí sí. Kò rí epo, kò sì lè sọ bí epo bá jáde.

Ọ̀rọ̀ «fèrèsé epo» tí a tú láti inú Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì kò ràn wá lọ́wọ́. Fèrèsé ní ojúkò kan lára ògiri. Akẹ́kọ̀ọ́ á máa rò pé ó wà ní jíjìn kan pàtó lábẹ́ ilẹ̀ gbogbo. Bí ojú ilẹ̀ bá wà ní 27°C, tí ooru sì ń fi 25°C lé sí i fún kìlómítà kan, 100°C á wà ní nǹkan bí kìlómítà 2.9. Bí ó bá jẹ́ 35°C ni ó fi ń lé sí i, á wà ní kìlómítà 2.1. «Fèrèsé» náà ti ṣí kúrò ní ipò rẹ̀ ní ohun tí ó ju mítà 800 lọ. Vassoevich àti àwọn ará Sófíẹ́ẹ̀tì sọ ọ́ sàn jù nígbà tí wọ́n pè é ní ìpele àgbà fún ìdá epo, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìgbà ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibi. «Àsìkò ìsè» ni a dábàá fún Yorùbá. Ní ti ohun tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ilé ìdáná, «ibi ìsè» tó fún un.

5. Ìfúnjáde: ibi tí àwòṣe ti rọ̀

Epo tí a ti sè ṣì wà nínú àpáta amọ̀ tí ihò inú rẹ̀ kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ. Báwo ni ó ṣe ń jáde? Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ní expulsion. Ẹni tí ó bá tú u sí «lílé jáde» yóò rán akẹ́kọ̀ọ́ létí àlejò tí ìjọba lé kúrò ní ìlú. Ó sì máa béèrè ẹni tí ó ń léni. Kò sí ẹni kankan níbẹ̀. Ìwúwo àwọn àpáta tí ó wà lókè ni ó ń tẹ̀ ẹ́. Kẹrojẹ́nì líle tí ó ń di olómi àti gáàsì sì ń fẹ́ àyè púpọ̀ ju èyí tí ó ní tẹ́lẹ̀ lọ, ìtẹ̀ á pọ̀, àpáta á sán wẹ́wẹ́, epo á bá ojú sísán náà jáde. Ọ̀rọ̀ ìṣe wa fún, bí a ti ń fún aṣọ tàbí ọsàn, ni ó sún mọ́ ọn jù. Nítorí pé ó ní ojúgbà tí a fi ń sọ̀rọ̀ ẹ̀bùn, a fi jáde tì í: ìfúnjáde.

Kẹrojẹ́nì fúnra rẹ̀ ń gba epo mọ́ra bí òwú ti ń gba omi. Títí yóò fi yó, kò ní jẹ́ kí ohun kan kọjá. Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò wò ó, pẹ̀lú nọ́ńbà tí a mú ṣe àpẹẹrẹ. Àpáta kìíní ní kábọ́ọ̀nù ẹ̀dá alààyè 4 nínú ọgọ́rùn-ún, gíráàmù kábọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan sì lè mú mílígíráàmù 600 wá. Tọ́ọ̀nù kan àpáta náà lè mú kìlógíráàmù 24 wá. Bí ìdajì rẹ̀ bá ti jinná, epo 12 ni ó wà nínú rẹ̀. Bí kẹrojẹ́nì bá ń gba mílígíráàmù 100 mọ́ra fún gíráàmù kábọ́ọ̀nù kan, ìwọ̀n kan tí Pepper àti Corvi lo nínú iṣẹ́ wọn ní 1995, epo 4 á dúró, 8 á jáde. Àpáta kejì ní kábọ́ọ̀nù 1 péré nínú ọgọ́rùn-ún, gíráàmù kábọ́ọ̀nù rẹ̀ kò sì lè mú ju mílígíráàmù 150 wá. Tọ́ọ̀nù kan rẹ̀ lè mú kìlógíráàmù 1.5 wá, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 0.75, ohun tí kẹrojẹ́nì lè gbà mọ́ra sì jẹ́ 1. Kò sí ẹ̀kán epo kan tí yóò jáde. Àpáta méjèèjì sè, ooru kan náà ni wọ́n jẹ, fítírínáìtì wọn dán bákan náà. Ọ̀kan fún epo jáde, èkejì kò fún nǹkan jáde. Tí a bá pe méjèèjì ní «ìyá», irọ́ ti bọ́ sínú ìwé wa.

Níbí ni a ti ní ohun pàtàkì láti bá àwọn àwòṣe àkọ́kọ́ wí lé lórí. Àwòṣe 1975 ka epo tí a sè ní kíkún, ṣùgbọ́n kò ka èyí tí ó jáde. Ìwé 1978 ya ìdá epo àti ìrìn rẹ̀ sí apá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìyẹn sì dára púpọ̀; ṣùgbọ́n níbi tí apá ìdá epo ti ń fi nọ́ńbà sọ̀rọ̀, apá ìjáde ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó lo ìwé náà fi ìdá kan ṣoṣo dí àlàfo yẹn: wọ́n á ní kí a mú ìdajì, tàbí ìdá méjì nínú mẹ́ta, láìsọ ìdí. Àwọn kan ti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Michael Lewan àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sè àpáta pẹ̀lú omi nínú àgbá irin tí a dé pa ní 1979, wọ́n sì rí epo tí ó jáde fúnra rẹ̀ tí ó léfòó lórí omi. Ungerer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1990 so ooru, ìṣàn omi, ìsè àti ìrìn epo pọ̀ sínú àwòṣe kan ṣoṣo. Ìtẹ̀síwájú ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìfúnjáde ni ó ṣì rọ̀ jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí pé ẹlẹ́rìí rẹ̀ nínú ilẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Ẹ̀rí tí ó lágbára jù pé epo àti gáàsì lè dúró sínú ibi tí a ti sè wọ́n wá láti Texas. Láti ìparí àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti ń fọ́ àpáta amọ̀ Barnett níbẹ̀, tí wọ́n ń fa gáàsì tí kò jáde rárá láti ìgbà tí ilẹ̀ ti sè é. Ẹni tí ó bá ti gbà pé àpáta asepo tú gbogbo ohun inú rẹ̀ sílẹ̀ kò ní mọ ohun tí wọ́n ń wá níbẹ̀.

6. Epo pupa àti èédú

Gbogbo olùkọ́ ni yóò fẹ́ fi epo pupa ṣe àfiwé, kò sì sí ẹni tí yóò dá wọn lẹ́bi. Epo ni orúkọ méjèèjì. A ń se ẹyìn, a ń gún un, a ń fi omi pò ó, epo á léfòó. Àfiwé yìí dára fún ìfúnjáde. Obìnrin tí ó ń fọ epo mọ̀ pé bí ó ti wù kí ó fún ìhá tó, epo díẹ̀ á ṣẹ́ kù nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìhá fi ń gba iná kíákíá. Ó mọ̀ pẹ̀lú pé ẹyìn tí kò lẹ́ran lára yóò mu epo rẹ̀ tán sínú ìhá, kò ní í kún ìgò. Ìṣirò àpáta méjì tí a ṣe lókè kò ju èyí lọ.

Ṣùgbọ́n fún sísè, àfiwé náà ṣìnà. Epo ti wà nínú ẹyìn kí ó tó dé orí iná. Iná kàn ń mú un rọ̀ ni. Kò sí epo nínú kẹrojẹ́nì kí ooru tó bà á. Bí olùkọ́ bá dúró lórí ẹyìn nìkan, akẹ́kọ̀ọ́ á rò pé epo ti wà ní ìpamọ́ láti ìgbà tí ẹrẹ̀ ti rì, pé ilẹ̀ kàn ń fún un ni. Àfiwé tí ó bá sísè mu ni èédú. Ẹni tí ó ń sun èédú á to igi jọ, á fi ewé àti erùpẹ̀ bò ó, á dín afẹ́fẹ́ kù. Igi náà á yí padà: èéfín àti oje dúdú á ti ara rẹ̀ jáde, ohun tí kò sí nínú igi tútù ní ìrísí yẹn, èédú á ṣẹ́ kù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kẹrojẹ́nì ń ya epo àti gáàsì kúrò lára rẹ̀, tí kábọ́ọ̀nù gbígbẹ sì ń kù. Kí olùkọ́ lo èédú fún iṣẹ́ kìíní, kí ó lo ẹyìn fún iṣẹ́ kejì, kí ó má sì dà wọ́n pọ̀.

Iṣẹ́ kẹta, kíkójọ, kò nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀ níbí, nítorí pé ẹ̀rí rẹ̀ wà nítòsí. Kòtò ilẹ̀ ńlá tí ẹrẹ̀ kún, tí Sẹ̀mẹ̀ wà nínú rẹ̀, nà láti ìlà-oòrùn Ghana, ó gba Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ kọjá, títí dé ilẹ̀ Oǹdó. Ní Agbábù ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọ̀dà ni ó wà lẹ́bàá ojú ilẹ̀. Epo ni tẹ́lẹ̀; ó sè, ó jáde, ó rìn, ṣùgbọ́n kò rí ibi tí yóò dì í mú lábẹ́ ilẹ̀ jíjìn. Èyí tí ó fúyẹ́ nínú rẹ̀ lọ, èyí tí ó wúwo kù. Ní ìhà tí ẹrẹ̀ kò ti nípọn, ooru kò tó: lábẹ́ mítà 500, pẹ̀lú 30°C fún kìlómítà kan, kò ju 42°C lọ, kò sì sí ìsè kankan. Nínú kòtò kan náà, a rí ibi tí kò jinná, ibi tí epo ti kójọ díẹ̀, àti ibi tí ó ti sá lọ.

7. «Bí» àti «bá»: gírámà ìmọ̀ tí ó ní àdéhùn

Ọ̀rọ̀ tí a fi pe iṣẹ́ náà lápapọ̀ ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Àwọn kan ń tú modèle sí «àwòkọ́ṣe». Àwòkọ́ṣe ni ohun tí ẹlòmíràn yóò wò, tí yóò sì fi ṣe ìwà. Ilẹ̀ kò wo ìṣirò wa ṣe ohunkóhun. «Àwòṣe» ni a lò: àwa ni a wò, ilẹ̀ ni a wò, ìṣirò ni a ṣe.

Gbólóhùn àwòṣe kankan kò sì sí láìní àdéhùn. Faransé kíkọ máa ń fi í pamọ́ nínú «le modèle montre que», àwòṣe fi hàn pé. Yorùbá kì í fi pamọ́ bẹ́ẹ̀. «Epo ti jáde» jẹ́ ìròyìn ohun tí ó ti parí. «Bí àpáta bá ti jìn tó kìlómítà mẹ́ta, epo lè ti jáde» jẹ́ ohun mìíràn: bí àti bá ṣí ilẹ̀kùn àdéhùn, lè sì dín ìdánilójú kù. Àwọn tí ó ń kọ ìwé kíkà fún àgbà fẹ́ràn gbólóhùn kúkúrú, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ gé kúrò ni bí àti bá. Nígbà tí wọ́n bá gé e, ìmọ̀ ti di ìlérí. Ẹni tí ó ní ilẹ̀ lẹ́bàá òkun lè ka ìlérí náà kí ó tó tà á, tàbí kí ó kọ̀ láti tà á. Òǹkọ̀wé ni yóò ru ẹ̀bi rẹ̀, kì í ṣe àpáta.

Gbólóhùn kúkúrú kò dí àdéhùn lọ́wọ́. A fi ẹ̀kọ́ kékeré yìí sí ipò èyí tí a tọ́ka sí ní ìbẹ̀rẹ̀:

«Ẹrẹ̀ kan wà tí òkú ewé àti òkú ẹ̀dá inú omi pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹrẹ̀ mìíràn bò ó. Ó di àpáta. Bí ó bá jìn tó, ooru ilẹ̀ á sè é. Bí ó bá jinná, epo á wà nínú rẹ̀. Bí epo náà bá pọ̀ ju ohun tí àpáta lè gbà mọ́ra lọ, ìyókù á jáde. Bí ìyókù náà bá rí ibi kójọ sí, tí àpáta líle sì bò ó, kànga lè kàn án. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kùnà, a kò ní í rí epo fà.»

Gbólóhùn mẹ́jọ ni, bí márùn-ún sì wà nínú wọn. Kò sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè kan níbẹ̀. Àgbà tí ó ti mọ ìwé kà fún oṣù mẹ́fà lè kà á, onímọ̀ ilẹ̀ kò sì ní rí àṣìṣe nínú rẹ̀.

8. Ìgúnlẹ̀

Ìwé Tissot àti Welte kò di ẹgẹrẹ mítì. Ìpínyà tí ó ṣe láàrín ìdá epo àti ìrìn epo ni ohun tí ó dára jù nínú rẹ̀. Àwọn tí ó tú u fún gbogbogbòò ni wọ́n pa ìpínyà náà rẹ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ «ìyá». Àbùkù tirẹ̀ ni pé ó fi ìṣirò wọ sísè ní aṣọ, ó sì fi ìfúnjáde sílẹ̀ ní ìhòòhò, tó bẹ́ẹ̀ tí òǹkàwé tí ojú ń kán fi rò pé èyí tí ó wọṣọ nìkan ni ó wà.

Fún àwọn olùkọ́ mọ̀ọ́kọmọ̀ọ́kà ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́, Àjàṣẹ́ àti káàkiri, àbá wa ni pé kí a lo àpáta asepo, sísè, àsìkò ìsè, ibi ìsè, ìfúnjáde àti ìkójọ, kí a sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ nìkan. Fún àwọn olùwádìí, kí wọ́n gbé àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lọ sí iwájú àwọn tí ó ń fọ epo àti àwọn tí ó ń sun èédú, kí wọ́n gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe ìpele kọ̀ọ̀kan iṣẹ́ wọn ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ tí ó sàn ju tiwa lọ ti wà lẹ́nu wọn. Bí ó bá wà, òun ni kí a tẹ̀ sínú ìwé.